Tẹlifíṣọ̀n Tuntun ní Abidjan: Ìdí Tí Àwòrán Fi Ń Dúró Lójijì

Ní oṣù kejì ọdún 2019, ìjọba orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ṣí ọ̀nà tuntun fún tẹlifíṣọ̀n ní ìlú Abidjan. TNT ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, èyí tí í ṣe ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n onídíjítà tí ń gba orí ilẹ̀ wọlé, láti orí òpó gíga dé orí òrùlé ilé, tí kò gba ojú sánmà lọ́hùn-ún bí ti sátẹ́láìtì. Ìlérí tí a ṣe fún àwọn ará ìlú dùn ún gbọ́: àwòrán yóò mọ́ kedere bí omi àfòwúrọ̀pọn, ohùn yóò já gaara, ìkànnì yóò pọ̀ sí i, ẹni tí ó bá sì ń wo àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́ kò ní san owó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni.

Ìlérí náà ṣẹ ní ilé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé mìíràn, ohun tí ojú rí yàtọ̀ sí èyí tí etí gbọ́. Àwòrán á máa lọ dáradára, á sì dúró gbagidi lójijì. Ojú ẹni tí ń ka ìròyìn á fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àwo tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ohùn á gé. Lẹ́yìn náà, gbogbo ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn. Onílé á lu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, á yí áńtẹ́nà síhìn-ín sọ́hùn-ún, á sì bú àwọn tí ń gbé àwòrán jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà púpọ̀, ibi tí àìsàn náà wà kò ju àárín òrùlé àti pálọ̀ onílé lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn létí àwọn Yorùbá. Láti ìgbà tí àwọn Faransé ti ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà ni àwọn ará Ẹjìgbò àti ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń rìnrìn-àjò lọ ṣòwò ní Abidjan. Anango ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ìdílé wọn sì wà ní Treichville, ní Adjamé, ní Koumassi àti ní Abobo. Ohun tí ó sì dé bá tẹlifíṣọ̀n ní Abidjan ti ń dé bá ti Nàìjíríà pẹ̀lú: ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2016 ni a ṣí irú ètò yìí ní Jos, ó sì dé Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó yí padà, ìdí tí ó fi yí padà, àti ohun tí onílé lè ṣe kí ìyípadà náà má baà sọ ọ́ di ẹni tí kò rí ìròyìn wò mọ́.

Tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ohun àná ní apá ibí yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní Côte d'Ivoire, ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè náà pé ọdún mẹ́ta tí ó ti gba òmìnira, ni àwòrán àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 1971, ìjọba Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan láti máa fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bouaké ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí ń lo bátìrì dé àwọn abúlé tí kò ní iná mànàmáná. Ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ní orílẹ̀-èdè náà, a kò fi tẹlifíṣọ̀n ṣe ohun eré nìkan. Fún ọdún tí ó lé ní 50, RTI, ilé-iṣẹ́ ìjọba, nìkan ni ó ń gbé àwòrán jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ará ìlú. Òfin ọdún 2017 ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni NCI, Life TV àti A+ Ivoire wá dára pọ̀ mọ́ RTI 1, RTI 2 àti La 3. Àjọ kan tí a ń pè ní HACA ni ó ń ṣe alábòójútó gbogbo wọn, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IDT ni a sì gbé iṣẹ́ òpó àti ìgbì lé lọ́wọ́.

Kí ni ó fà á tí a kò fi jẹ́ kí ìlànà àtijọ́ máa bá a lọ? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ìlú Geneva. Ní ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti Áfíríkà àti apá kan Éṣíà pàdé níbẹ̀ lábẹ́ ITU, àjọ àgbáyé tí ń pín ìgbì afẹ́fẹ́. Wọ́n fi ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015 ṣe òpin ààbò fún ìlànà àtijọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè kan láyè títí di ọdún 2020 lórí apá kan nínú ìgbì wọn. Ẹni tí ó bá ṣì ń lo ìlànà àtijọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà kò ní lè ké gbàjarè bí ìgbì orílẹ̀-èdè tí ó múlé tì í bá dà á láàmú. Ọjọ́ náà dé, ó sì kọjá, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò tíì múra tán.

Ìgbì afẹ́fẹ́ dàbí ilẹ̀ ní àárín ìlú: kò pọ̀, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń fẹ́ ẹ. Ìlànà àtijọ́ dàbí ẹni tí ó kọ́ ilé kan ṣoṣo sórí ilẹ̀ gbàràmù-gbaramu, nítorí ètò kan ṣoṣo ni àyè kan lè gbà. Ìlànà tuntun kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ kan náà: àyè tí ètò kan gbà tẹ́lẹ̀ lè gba ètò tí ó ju mẹ́wàá lọ. Ilẹ̀ tí ó bá ṣẹ́ kù, ìjọba lè fi í fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù alágbèéká, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ sí àpò ìjọba. Ìdí nìyí tí ìyípadà náà fi ń wu àwọn ìjọba, yálà àwọn ará ìlú béèrè fún un tàbí wọn kò béèrè.

Nínú ìlànà àtijọ́, ìgbì tí ó gbé àwòrán ń ga, ó ń rẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn inú àwòrán náà bá ti rí. Bí ìgbì náà bá rẹ̀ lójú ọ̀nà, àwòrán á rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Á máa rọ òjò iyanrìn. Bí ìgbì bá sì ta lára ògiri gíga, òjìji á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn. Síbẹ̀, onílé á rí nǹkan wò, á mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, á sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Nínú ìlànà tuntun, a ó kọ́kọ́ sọ àwòrán àti ohùn di nọ́ńbà. Oríṣi méjì péré ni nọ́ńbà náà, òdo àti ení, ṣùgbọ́n iye wọn pọ̀ jọjọ: ní ilẹ̀ Britain, àyè kan ṣoṣo lè gbé to mílíọ̀nù 40 wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì kò gbé àwòrán mọ́. Ìròyìn nípa àwòrán ni ó ń gbé. Ẹ̀rọ inú ilé ni yóò ka ìròyìn náà, tí yóò sì tún àwòrán yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwọn Yorùbá, nítorí àwọn àyàn ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Onílù dùndún mọ̀ pé bí òun bá fi ìlù pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí ìlù ní ohùn, kò ní ahọ́n àti ètè. Nítorí náà, ó ń na ọ̀rọ̀ náà, ó ń fi oríkì kún un, ó ń tún un pè. Bí ariwo ọjà bá gbé apá kan lọ, ẹni tí ó gbọ́ ìlù á fi èyí tí ó kù mọ ohun tí a wí. Bákan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń fi nọ́ńbà àfikún sáàárín nọ́ńbà àwòrán, kí ẹ̀rọ inú ilé lè fi wọ́n ṣírò èyí tí ó bá sọnù lójú ọ̀nà. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tí ó sọnù kò bá pọ̀ jù, àwòrán á pé pérépéré, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi díẹ̀ péré kọjá ààlà, kò sí ohun tí ẹ̀rọ náà yóò rí dì mú mọ́. Àwòrán á dúró, á fọ́, á sì pòórá.

Nítorí náà ni tẹlifíṣọ̀n tuntun kò fi mọ àbọ̀. Ilé tí ó ti fi wáyà wíwọ́ rí àwòrán oníyanrìn fún 20 ọdún lè má rí ohunkóhun mọ́ rárá. Ilé tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara lónìí sì lè wà ní etí bèbè láìmọ̀, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tì í ṣubú lọ́la. Ìlànà àtijọ́ máa ń kìlọ̀ fún onílé. Ti ìsinsìnyí kì í kìlọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí òun dúró ní láti fi rìmóòtù wá ojú ìwé tí ẹ̀rọ náà ti ń fi ìwọ̀n ìgbì hàn. Ìwọ̀n méjì ni yóò bá níbẹ̀, agbára àti dídára. Agbára nìkan kò tó: ẹni tí ń pariwo lè má sọ̀rọ̀ tí ó yéni. Dídára ni kí ó máa wò.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò sí, tí Côte d'Ivoire sì ń lò, ni DVB-T2, èyí tí í ṣe ìran kejì. Ilẹ̀ Faransé ti bẹ̀rẹ̀ TNT tirẹ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2005, ìran kìn-ín-ní ni wọ́n sì lò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń ti Yúróòpù wọ Abidjan. "France au revoir" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ó wí pé "Faransé, ó dìgbóṣe". Ẹni tí ó bá rí TNT lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á rò pé òun ti bọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìran kìn-ín-ní nìkan ni ẹ̀rọ náà lè gbọ́. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n èdè wọn yàtọ̀. Àmì T2 ni kí olùrajà máa wá. Bí kò bá sí i, dìkódà tí ó ní àmì náà ni yóò gbà á, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n mìíràn. Kò sí áńtẹ́nà tí ó lè wo àìsàn yìí sàn, bó ti wù kí ó wọ́n tó.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni áńtẹ́nà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lo ìgbì VHF, tí ó gùn. Inú UHF, tí ó kúrú, ni ti ìsinsìnyí wà. Ìgbì tí ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn ní mítà kan àbọ̀. Èyí tí ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 600 kò ju ìdajì mítà lọ. Ọ̀pá áńtẹ́nà sì sábà máa ń jẹ́ ìdajì gígùn ìgbì. Nítorí náà, ọ̀pá ti àtijọ́ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, ti ìsinsìnyí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹni tí ó fi áńtẹ́nà bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lórí òrùlé ń fi àwọ̀n ẹja ńlá dẹ ẹja kékeré.

Ibi tí a gbé áńtẹ́nà sí ṣe pàtàkì bí áńtẹ́nà fúnra rẹ̀. Ìgbì yìí ń rìn bí ìmọ́lẹ̀ ni, ó ń fẹ́ ojú ọ̀nà gbọnrangandan. Bí òpó bá ga ní mítà 150, tí áńtẹ́nà onílé sì ga ní mítà 10, wọ́n lè rí ara wọn títí dé nǹkan bíi kìlómítà 60 bí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Abidjan kò tẹ́jú délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé gogoro Plateau lè dúró láàárín onílé àti òpó bí ògiri. Ìgbì kì í sì la páànù kọjá. Ẹni tí ó fi áńtẹ́nà pamọ́ sábẹ́ òrùlé onípáànù kí olè má baà gbé e ti fi ìlẹ̀kùn dí ojú ara rẹ̀. Lókè páànù ni ibùjókòó rẹ̀, kí ó kọjú sí ibi tí ti àwọn aládùúgbò tí àwòrán wọn mọ́ kọjú sí. Bí tiwọn bá dùbúlẹ̀, kí tirẹ̀ dùbúlẹ̀. Bí tiwọn bá nàró, kí tirẹ̀ nàró.

Láti orí òrùlé, ìgbì ń gba inú wáyà sọ̀ kalẹ̀, níbẹ̀ ni adánù púpọ̀ sì ti ń ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tí ó fura. Nínú wáyà tí ó dára pàápàá, nǹkan bíi ìdajì agbára ìgbì á ti lọ bí ó bá fi rin mítà 20. Bí a bá pín in sí ilé méjì, ìdajì ìyókù ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn àgbàlá tí ìdílé púpọ̀ jọ ń gbé, irú èyí tí ó pọ̀ ní Treichville àti Adjamé, a lè pín áńtẹ́nà kan sí ilé mẹ́fà; ẹni tí ó gbẹ̀yìn á rí òkùnkùn, á sì rò pé àwọn aládùúgbò òun ni ó ń ṣe òun níbi. Ọ̀pọ̀ ń sáré ra búsítà láti fi mú agbára padà. Búsítà wúlò bí a bá so ó mọ́ ẹ̀bá áńtẹ́nà lókè, kí ìgbì tó rẹ̀. Bí a bá so ó sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ariwo tí ó ti wọ inú wáyà ni yóò gbé ga pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ilé tí ó sì wà nítòsí òpó kò ní í lò ó rárá, nítorí agbára tí ó pọ̀ jù máa ń di ẹ̀rọ létí.

A gbọ́dọ̀ sọ ti òjò pẹ̀lú, nítorí nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan ní Abidjan láti oṣù karùn-ún dé oṣù keje ni ẹjọ́ máa ń pọ̀. Òjò ńlá lè gé àwòrán sátẹ́láìtì lóòótọ́, nítorí ìgbì tirẹ̀ kéré jọjọ, kíkán òjò sì ń gbé e mì. Ìgbì TNT tóbi ju kí òjò dí i lọ́nà. Bí àwòrán TNT bá lọ nígbà òjò, kí onílé gun òrùlé nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, kí ó wo ìdè wáyà bóyá omi ti wọ̀ ọ́, bóyá irin rẹ̀ ti dípẹtà, bóyá ìjì ti yí áńtẹ́nà padà. Ìgbà ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀: ní etí òkun, afẹ́fẹ́ lè gbé ìgbì láti ọ̀nà jíjìn wá da ti ìtòsí láàmú. Èyí máa ń kọjá fúnra rẹ̀, kò yẹ kí onílé tìtorí rẹ̀ tú áńtẹ́nà.

Òpó tẹlifóònù alágbèéká náà wà níbẹ̀. Apá kan nínú ilẹ̀ ìgbì tí a gbà lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n ni a fún wọn, wọ́n sì di aládùúgbò tí ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ní Britain, a rí i pé òpó 4G lè bo tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀, pàápàá ní ilé tí ó ní búsítà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni a mú kí wọ́n ná owó rẹ̀: ní ọdún 2013, àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀, at800, bẹ̀rẹ̀ sí fi àsẹ́ kékeré tí ń dá ìgbì wọn dúró ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́fẹ̀ẹ́. Òyìnbó tí ó ṣe lẹ́ẹ̀dì ni ó ṣe ìrésà.

Ọ̀rọ̀ àsẹ́ yìí ni ó mú ni dé orí ìbéèrè tí ó wà nídìí gbogbo rẹ̀: ta ni yóò ru ẹrù ìyípadà náà? Ní Berlin, ìlú ńlá àkọ́kọ́ tí ó pa ìlànà àtijọ́, ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ìdílé tí kò rí já jẹ gba ìrànwọ́ láti ní dìkódà. Ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó pa á ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2009, ìdílé lè béèrè fún ìwé ẹ̀dínwó méjì tí ìkọ̀ọ̀kan tó 40 dọ́là. Ní Britain, wọ́n rán ènìyàn lọ sí ilé àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀ ara láti bá wọn so ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe àánú lásán ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ìjọba ni ó fẹ́ gba ìgbì náà, àti pé ẹni tí ó bá gba ọ̀nà lọ́wọ́ aráyé ní láti fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n.

Ní Abidjan, ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ fúyẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Onílé ń san owó RTI pọ̀ mọ́ owó iná mànàmáná rẹ̀. Ohun tí ó bá ti sanwó fún, ó yẹ kí ó rí i. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, ìjọba gbé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní Bouaké láyé ọjọ́un. Ọmọ olówó tí àwòrán dúró mọ́ lójú á yí sí sátẹ́láìtì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò ní ju áńtẹ́nà wíwọ́ kan lọ á jókòó ti ẹ̀rọ tí ó ṣókùnkùn, ìṣirò tí olùkọ́ ń ṣe lọ́wọ́ á sì kọjá lórí rẹ̀.

Ohun tí ó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n: àmì T2 lára ẹ̀rọ, áńtẹ́nà UHF lókè páànù, wáyà tí ó dára tí omi kò wọ ìdè rẹ̀, àti wíwá ìkànnì lákọ̀tun pẹ̀lú rìmóòtù nígbàkúùgbà tí a bá yí ìgbì padà lórí òpó. Ọ̀pọ̀ ni ó ń sọ dìkódà nù nígbà tí ìkànnì kan bá sọnù, bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti fi wá a rí. Ìmọ̀ ni ó wọ́n. Iṣẹ́ rédíò ni láti mú ìmọ̀ náà lọ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, iṣẹ́ ìjọba sì ni láti rí i pé dìkódà tí ó péye wà lọ́jà ní iye tí agbára mẹ̀kúnnù ká, kí a tó pa ìlànà àtijọ́ ní ìlú yòówù. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ṣe èyí yóò jèrè ilẹ̀ ìgbì rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò sì máa rí ìròyìn. Èyí tí ó bá kọ̀ láti ṣe é yóò ní ìkànnì púpọ̀ lórí òpó, àti òkùnkùn nínú ilé àwọn tí a tìtorí wọn rí òpó náà mọ́lẹ̀.